Ògiri Tí A Kùn De Ìjọba

Títí dòní, ẹnu ṣì ń yà mí. Mo lè jókòó jẹ́ẹ́ nílé, kí n máa ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́, kí ọ̀rọ̀ náà ṣàdédé sọ sí mi lọ́kàn, ńṣe ni màá pàtẹ́wọ́ lémi nìkan bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ. Ọkọ mi á ní kí ló tún dé. Màá ní kò sí nǹkan kan. Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé ìjọba fẹ́ tún ilé ìwé wa ṣe, àwa fúnra wa la ò jẹ́? Tó bá jẹ́ pé ẹlòmíì ló wá sọ irú rẹ̀ fún mi, màá ní irọ́ ló ń pa.

Olùkọ́ ni mí. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba kan láàárín Kétu sí Ìkòsí ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹta. Láti àárọ̀ kùtù la ti máa ń gbọ́ ìró àwọn ọkọ̀ àjàgbé tó ń kó tòmátì, ata àti àlùbọ́sà bọ̀ láti òkè ọya, tí wọ́n ń lọ já a sí Mile 12. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí ọmọ wa, ọjà yẹn ni wọ́n ń ná. Ìyá ń ta ata, bàbá ń ti ọmọlanke, ẹ̀gbọ́n ń ṣa tòmátì tó ti rọ̀ kúrò lára èyí tó ṣì le. Bí ọmọ kan bá pẹ́ dé nítorí pé ó dúró ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, a kì í fi bẹ́ẹ̀ bá a wí, a mọ ibi tó ti ń bọ̀.

Ilé gbọọrọ méjì ló wà nínú ọgbà wa. Èyí tó kọjú sí géètì ṣì ṣeé wò. Èyí tó wà lẹ́yìn, ọjọ́ rẹ̀ ti pẹ́, ìkángun rẹ̀ ni kíláàsì mi sì wà. Ògiri tó wà lẹ́yìn àwọn ọmọ ti sán, láti ẹsẹ̀ fèrèsé títí dé abẹ́ páànù. Kì í ṣe irú èyí tí èèyàn máa ń rí lára ilé tí á sì gbójú kúrò. Ọwọ́ ọmọdé ń wọ inú rẹ̀. Alángbá kan ń gbé ibẹ̀ tìyàwó tọmọ, àwọn ọmọ mi sì ti fún wọn lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí bírò ẹnikẹ́ni bá sọnù, inú ògiri la ti kọ́kọ́ máa ń wá a.

Lásìkò òjò, omi á máa gba ibẹ̀ wọlé, màá kó gbogbo wọn jọ síwájú lẹ́bàá pátákó, wọn á há mọ́ra wọn títí òjò á fi dá. Omi kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ògiri yẹn á dà wó lé àwọn ọmọ yìí lórí lọ́jọ́ kan, tojú tojú mi. Mo máa ń lá a lálàá. Bí mo bá ń kọ nǹkan sára pátákó, ẹ̀yìn mi máa ń gbọ́ ju etí mi lọ. Ọ̀gá ilé ìwé wa, tí gbogbo wa ń pè ní Mummy, mọ̀ nípa rẹ̀ dáadáa. Wọ́n ti kọ̀wé, wọ́n ti lọ, wọ́n ti bọ̀, wọ́n ti jókòó dúró de ọ̀gá tó lọ sí ìpàdé tí kò dé. Kò sí àyè níbòmíì tí wọ́n lè kó wa sí, torí kíláàsì tó kù ti kún fọ́fọ́.

Báyìí la wà tí Mummy fi pe gbogbo àwa olùkọ́ jọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Wọ́n ní ìjọba ti ya owó sọ́tọ̀ fún àtúnṣe àwọn ilé ìwé, wọ́n á sì tún kọ́ kíláàsì tuntun mọ́ èyí tí àyè kò bá gba àwọn ọmọ mọ́. Àwọn tó máa yẹ̀ ẹ́ wò ń bọ̀ wá wo gbogbo ilé ìwé tó wà ládùúgbò, èyí tó bá sì burú jù ni wọ́n máa mú. A hó yèè. Àǹtí tó ń kọ́ kíláàsì kìíní jó yí tábìlì po. Èmi jókòó, omi sì bọ́ lójú mi. Mo ní Ọlọ́run ti gbọ́ tàwọn ọmọ mi.

Ohun tí Mummy sọ tẹ̀ lé e ni pé kí á múra, àlejò ń bọ̀.

Bó bá jẹ́ pé ilé Yorùbá ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, o ti mọ ohun tó kàn. Bí àlejò bá ń bọ̀, a ó gbálẹ̀ tẹ̀yìnkùlé tẹ̀yìnkùlé. A ó ká ẹní tó ti ya pamọ́. A ó gbé abọ́ tí a ò fi jẹun rí jáde láti inú páálí. A ó kìlọ̀ fún àwọn ọmọ pé ẹni tó bá bojú wo ẹran àlejò, òun ni yóò sọ ohun tójú rẹ̀ rí. Kò sí ọmọlúàbí tó máa ń jẹ́ kí àlejò bá òun nínú rúdurùdu. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lára gbogbo wa. Nínú gbogbo àwa tí a jókòó níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí lóríṣiríṣi, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó bi ara rẹ̀ pé irú àlejò wo nìyí, àti pé kí ni wọ́n ń bọ̀ wá wò.

Mummy pe ìpàdé àwọn òbí. Ìyá ẹgbẹ́ àwọn òbí ni Alhaja kan tó ń ta ata lọ́pọ̀ yanturu ní Mile 12, obìnrin tó jẹ́ pé bí wọ́n bá lanu sọ̀rọ̀ láàárín ọjà, àwọn onímọ́tò á pa ẹ́ńjìnnì kí wọ́n lè gbọ́ dáadáa. Bí Mummy ṣe sọ̀rọ̀ tán ni Alhaja dìde, wọ́n tún ìborùn wọn ṣe.

“Ṣé bí government ṣe máa wá bá wa rèé? Kí wọ́n wá máa sọ pé àwa parents ò láàánú ọmọ wa? Mi ò lè gbà á o. Ẹ jẹ́ ká ṣe ohun tó yẹ.”

Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, nǹkan ti ń wọlé. Ẹnì kan gbé síméǹtì wá, ẹnì kan gbé ọ̀dà tó ṣẹ́kù níbi tí wọ́n ti kun ilé wọn. Ọ̀dà oríṣiríṣi ni, wọ́n dà á pọ̀, àwọ̀ tó jáde kò ní orúkọ kankan, ṣùgbọ́n ó mọ́lẹ̀ yòò. Ṣọ́ọ̀ṣì tó wà ní òdìkejì wa yá wa ní àga. Bàbá kan tó jẹ́ kápẹ́ńtà kan gbogbo bẹ́ǹṣì tó ti yẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé, àwọn bàbá wá pẹ̀lú ṣọ́bìrì, àwọn ìyá gbé ìrẹsì wá, ó dà bí ọjọ́ ọdún.

Bíríkìlà kan wà nínú àwọn òbí, òun ló wá ṣe ògiri mi. Ó lé alángbá jáde. Ó ki àfọ́kù búlọ́ọ̀kù àti bébà àpò síméǹtì bọ inú ibi tó sán, ó fi síméǹtì rẹ́ ẹ, ó sì fi irinṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ pa á títí tó fi ń dán. Lẹ́yìn tí ọ̀dà gbẹ, ó pè mí. Ó ní, Àǹtí, ẹ wá bá mi wá ibi tó ti sán nígbà kan. Mo wò ó lókè, mo wò ó nísàlẹ̀, mi ò rí i. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ pa á, ó tutù, ó jọ̀lọ̀. Inú mi dùn débi pé mo kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Nígbà tó lọ, mo ya àwòrán erin, kìnnìún àti ọ̀nì sórí páálí, mo lẹ̀ wọ́n mọ́ ojú ibẹ̀ gan-an kó lè túbọ̀ fani mọ́ra.

Àwọn àlejò dé ní ọjọ́ tí a ti ń retí wọn. Obìnrin kan tó wọ awò ojú ni ọ̀gá wọn, ọkùnrin kan tẹ̀ lé e pẹ̀lú fóònù ńlá tó fi ń ya fọ́tò. Aṣọ àwọn ọmọ funfun báláú, wọ́n kọrin kí wọn káàbọ̀. A fún wọn ní mọ́ọ̀tì tútù àti mítípáì. Obìnrin náà kì í ṣe èèyàn burúkú rárá, kí n sọ òtítọ́. Ó ń fara balẹ̀ wo nǹkan, ó ń gbójú sókè wo páànù, ó ń tẹ ilẹ̀ wò. Nígbà tó wọ kíláàsì mi, àwọn ọmọ dìde, wọ́n kí i lẹ́ẹ̀kan náà, wọn ò sì jókòó títí mo fi ní kí wọ́n jókòó. Ó ní wọ́n kọ́ wọn dáadáa. Ó wá yíjú sí mi, ó bi mí bóyá kò sí wàhálà kankan.

Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, ẹnu mi ti dáhùn. Mo ní a dúpẹ́ ma, kò sí wàhálà. Ẹ gbọ́ o. Èmi tí mò ń lálàá ògiri. Bí wọ́n ṣe máa ń dáhùn nìyẹn bí ẹni tó ju ẹni lọ bá béèrè àlàáfíà, kò sí ẹni tó máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣòro sílẹ̀ kí ó tó kí èèyàn tán. Ọkùnrin náà tẹ nǹkan kan sínú fóònù rẹ̀. Ìgbà tí mo rí i tó ń tẹ̀ ẹ́ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ta jí. Mo ní, ma, ògiri ẹ̀yìn yẹn ti sán tẹ́lẹ̀ o. Obìnrin náà yíjú sí i. Ó wo erin, ó wo kìnnìún. Kó tó sọ ohunkóhun, Mummy ti fi ẹ̀rín músẹ́ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi, wọ́n ní àwọn òbí ti bá wa tún un ṣe, pé àwa kì í jókòó kí á máa retí ìjọba fún ohun gbogbo. Inú Alhaja tó wà lẹ́nu ọ̀nà dùn, wọ́n mi orí.

“Ẹ kú iṣẹ́ gan-an,” ni obìnrin náà wí. “Ó wù mí kí gbogbo school rí báyìí.”

A pàtẹ́wọ́. Ọlọ́run ló rí mi, èmi náà pàtẹ́wọ́.

Àwọn ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ńṣe la kàn ń pín ilé tuntun láàárín ara wa. Alhaja ní ilé alájà ni àwọn fẹ́, pé ilẹ̀ Èkó kò sí mọ́, òkè ni kí wọ́n kọ́ ọ gbà. Àwọn olùkọ́ ń jà lórí ẹni tó máa wà lókè, níbi tí atẹ́gùn wà. Igi furúǹtù kan wà láàárín ọgbà, a ní á di dandan kí wọ́n gé e, àwọn ọmọ sì ti ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ ṣáájú. Èmi ti mọ ibi tí mo fẹ́ kí fèrèsé mi kọjú sí.

Ọjọ́ tí ojú wa là, ìgbà tí àwọn ọmọ ń ṣeré níta ni. Típà kan tó kún fún yanrìn ń bọ̀ lójú títì wa. Aṣọ́nà sáré ṣí géètì méjèèjì sílẹ̀ gbayawu. Àwọn ọmọ tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, wọ́n ń hó. Típà náà fọn fèrè, awakọ̀ juwọ́ sí wọn tẹ̀ríntẹ̀rín, ó sì kọjá lọ. Òmíràn tẹ̀ lé e, ó kó búlọ́ọ̀kù, òun náà kọjá. Ilé ìwé kejì tó wà lápá ọjà ni wọ́n ń lọ. A mọ ilé ìwé náà. A ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, torí pé ọ̀gá wọn jẹ́ ọkùnrin kan tí kì í da ara rẹ̀ láàmú. Ewúrẹ́ ń sùn nínú kíláàsì wọn, páànù wọn ń lù gbàgà-gbàgà nínú atẹ́gùn. A gbọ́ pé nígbà táwọn àlejò dé ọ̀dọ̀ tiwọn, kò tilẹ̀ sẹ́ni tó gbálẹ̀, àárín ewúrẹ́ ni wọ́n gbà kọjá.

Mummy, Alhaja àti èmi gbéra, ó di ọ́fíìsì ìjọba. Obìnrin aláwò ojú náà dá wa mọ̀ lójú ẹsẹ̀, inú rẹ̀ dùn láti rí wa, ó ní ká jókòó. Nígbà tí Mummy béèrè ìgbà tí iṣẹ́ tiwa máa bẹ̀rẹ̀, ó kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni.

“Mummy, nínú gbogbo school tí a wò, tiyín ló dáa jù. Kò sí ohun tó ṣe yín. Ẹ ò sí lára àwọn tó need repair rárá.”

Mo gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò wọlé sí mi létí. Alhaja ká ọwọ́ méjèèjì lérí. Mummy bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, pé kì í ṣe bó ṣe rí nìyẹn, pé ògiri náà ti sán, ó sán gan-an, àwọn kàn bò ó ni.  Obìnrin náà bi wọ́n wọ́ọ́rọ́wọ́ pé ṣé ohun tí wọ́n ń sọ ni pé wọ́n dìídì bo ògiri tó ti sán mọ́lẹ̀ kí àwọn má baà rí i.  Bí Mummy bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ó di jìbìtì. Bí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, a jẹ́ pé ògiri wa dáa nìyẹn. Ọkùnrin tó ń ya fọ́tò gbé fóònù rẹ̀ wá, ó fi kíláàsì mi hàn wá. Ọ̀nì tí mo yà ń rẹ́rìn-ín sí mi.

A rò pé ó ti parí, kò tíì parí. Bí a ṣe ń dìde, obìnrin náà ní òun tiẹ̀ ti fẹ́ ránṣẹ́ sí wa. Níwọ̀n ìgbà tí wọ́n máa wó ilé ìwé tọ̀hún kọ́, àwọn ọmọ ibẹ̀ nílò ibi tí wọ́n máa wà, ibi tó sì dáa jù ládùúgbò ni àwọn fi wọ́n sí. Ọ̀dọ̀ wa ni. Alhaja bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì fẹ́ tán mọ́, omijé ń dà lójú wọn. Èmi di àga mú. Obìnrin náà ṣèlérí pé bí owó mìíràn bá tún jáde, àwọn á padà wá wò wá.

Lójú ọ̀nà, a ti ń sún mọ́ Kétu. Ìgbà náà ni Alhaja dábàá pé ṣé kí á kúkú lọ họ síméǹtì yẹn kúrò, kí á pè wọ́n padà. Mummy ronú sí i, wọ́n ní rárá. Wọ́n ní kí ni àwọn máa sọ fún ẹni tó fi òógùn rẹ̀ rẹ́ ẹ lọ́fẹ̀ẹ́? Pé a fẹ́ fọ́ ọ torí pé ó mọ iṣẹ́? Alhaja fúnra wọn gbà pé ìwọ̀sí ni yóò jẹ́. A sì fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ojú ọkùnrin kan tí a kò fẹ́ kó korò ni a rò, mo sì bá wọn rò ó.

Ọjọ́ tí a wọlé fún táàmù tuntun, àwọn ọmọ ilé ìwé tọ̀hún dé pẹ̀lú aṣọ tiwọn tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀, àpótí ìjókòó lórí kálukú bí ẹni ń kó lọ sílé tuntun. Wọ́n pín tiwọn mọ́ tiwa. Kíláàsì mi di méjì nínú yàrá kan, èmi àti Àǹtí wọn ń gba ara wa kọ́ wọn. Wọ́n wo ògiri wa, wọ́n ní ó fine o. Àwọn tèmi sì ń ṣe fọ́ńté, wọ́n ń ṣe bí onílé, wọ́n ń sọ fún àwọn àlejò ibi tí wọ́n lè jókòó sí àti ibi tí wọn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Àwọn àlejò náà kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo ṣàkíyèsí pé ibi tí wọ́n bá ti lè rí ẹnu ọ̀nà ni wọ́n máa ń fẹ́ jókòó sí.

Òjò bẹ̀rẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, ọ̀dà wú bí ibi tí omi gbígbóná bá dà sí lára. Lẹ́yìn náà, àwòrán erin ya láàárín, láti orí dé ẹsẹ̀, láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Mo pe Mummy. Wọ́n fi ọwọ́ kan ibẹ̀. Wọ́n pe ọ́fíìsì ìjọba, ọ́fíìsì ní àwọn máa rán èèyàn. Wọ́n tún pè, wọ́n tún ní àwọn máa rán èèyàn. Ibi tí a lè sún bẹ́ǹṣì dé ni a sún un dé, títí eékún àwọn ọmọ tó wà níwájú fi ń kan pátákó. Kò sí ibòmíì.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni. Òjò ńlá ń rọ̀, mò ń pe ọ̀rọ̀ kí wọ́n máa kọ ọ́ sílẹ̀, ariwo páànù sì mú kí n máa pariwo. Mo gbọ́ nǹkan tó dún gbàù lẹ́yìn wọn. Odindi abala síméǹtì kan ti já bọ́ láti ara ògiri, mo sì rí ìta láti inú kíláàsì, mo rí òjò.

Ohun tí mo rí lẹ́yìn náà ni kò kúrò lójú mi. Àwọn ọmọ ilé ìwé tọ̀hún dìde. Kò sẹ́ni tó ké, kò sẹ́ni tó ti ẹnì kejì. Wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì lérí, àwọn kékeré ṣáájú, àwọn ńlá tẹ̀ lé wọn, wọ́n gba ẹnu ọ̀nà jáde sínú òjò, wọ́n sì lọ dúró jìnnà sí ilé. Ojú wọn kò tilẹ̀ fi ìpayà hàn. Ó hàn pé wọ́n ti ń ṣe é tipẹ́, pé ọ̀gá wọn tí kì í gbálẹ̀ ti kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń sá. Ìdajì yàrá ti ṣófo. Àwọn tó kù jókòó, wọ́n ká ọwọ́ mọ́ àyà, bírò wọn wà lórí ìwé, wọ́n ń wo ẹnu mi. Àwọn tèmi ni.

Mo ké, mi ò mọ ohun tí mo ní. Wọ́n dìde. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, wọ́n ń wá báàgì, òmíràn tilẹ̀ ń ti àga rẹ̀ sábẹ́ tábìlì. Mò ń fà wọ́n lápá, mò ń jù wọ́n síta bí ẹrù. Àǹtí tí a jọ ń kọ́ wọn sáré wọlé láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi ni mo jáde kẹ́yìn. Mi ò tíì dé abẹ́ igi tí ògiri náà fi kúnlẹ̀, tí páànù sì tẹ̀ lé e, tó bo gbogbo bẹ́ǹṣì wọ̀nyẹn mọ́lẹ̀ pátápátá. Eruku sọ nínú òjò. Mo ka àwọn ọmọ, mo tún wọn kà, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n pé.

Ìjọba ti dé báyìí o. Obìnrin aláwò ojú náà wá fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó dúró síwájú òkìtì yẹn fún ìgbà pípẹ́, kò sì bi ẹnikẹ́ni bóyá wàhálà wà. Wọ́n ti mú ilé ìwé wa mọ́ iṣẹ́ náà. Bí mo ṣe ń kọ èyí, típà tó kó yanrìn ń wọ ọgbà wa, ó sì dà bíi pé alájà tí Alhaja fẹ́ ni wọ́n máa kọ́. Àwọn èèyàn ń kí mi kú oríire. Mò ń dáhùn pé a dúpẹ́.

Àmọ́ lọ́jọ́ náà, lábẹ́ òjò, mo rí ọmọbìnrin kan nínú àwọn tèmi, ọmọ tó já fáfá jù ní kíláàsì, tó jẹ́ pé bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn pátápátá ló máa ń jókòó sí. Síméǹtì tó já bọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ bà á lórí, eruku rẹ̀ ṣì wà nínú irun rẹ̀. Mo di èjìká rẹ̀ mú, mo mì í. Mo bi í pé kí ló dé tí kò dìde, ṣé kò rí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń sá jáde ni, ṣé kò gbọ́ ìró lẹ́yìn ara rẹ̀ ni. Mummy wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, gèlè wọn ti tú, wọ́n ń gbọ́. Ọmọ náà kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ kó tó dá mi lóhùn, bí a ṣe kọ́ wọn.

Ó ní, “Àǹtí, ẹ ò tíì ní ká dìde.”